Ìgbafẹ́ ní Jàmáíkà: Ohun tí À Ń Wò àti Ohun tí Ó Wà Níbẹ̀

Bí ẹnì kan bá ti erékùṣù Kàríbẹ́ánì dé lónìí, àwòrán ni yóò kọ́kọ́ nà sí wa. A ó rí iyanrìn funfun, a ó rí igi àgbọn tí ó tẹ̀ síhà òkun, a ó rí òun tìkára rẹ̀ lórí àga gbọọrọ, ife lọ́wọ́, ojú dídì nínú oòrùn. Bí a bá bi í pé kí ni ó rí níbẹ̀, òkun ni yóò wí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó gba owó rẹ̀ fi hàn án ni ó rí, àlejò kì í sì í ṣílẹ̀kùn yàrá tí onílé tì. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ ìtàn, tí àwọn olùkọ́ wa ń kìlọ̀ fún lójoojúmọ́ pé kí á máa bèèrè ohun tí ó wà lẹ́yìn ohun tí à ń wò, kò yẹ kí àwòrán bẹ́ẹ̀ tẹ́ wa lọ́rùn.

Erékùṣù tí ó wà ní Kàríbẹ́ánì pọ̀, n kò sì lè fi ọ̀rọ̀ kan ká gbogbo wọn. Mo mọ̀ pé Kúbà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ìbá fẹ́ kí n sọ, nítorí àwọn Lùkùmí tí ó wà níbẹ̀. Tìrìnídáàdì náà ní Ṣàngó tirẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Jàmáíkà, níbi tí orúkọ wa kò fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀, nítorí pé nínú ìtàn rẹ̀ ni mo ti rí ọ̀ràn kan kedere ju ti ibòmíràn lọ. Ọ̀ràn náà ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun kan tí àlejò ń ṣe fún ìgbádùn ní erékùṣù náà tí kò jẹ́ làálàá tàbí ìyà ẹnì kan rí. Ẹ jẹ́ kí a rin ìrìn náà pọ̀ nínú ọkàn wa. A ó bẹ̀rẹ̀ láti Kingston ní ìhà gúúsù, a ó yípo lọ sí Port Antonio ní ìlà-oòrùn, a ó sì máa tọ etíkun àríwá lọ sí ìwọ̀-oòrùn títí ilẹ̀ yóò fi tán.

Kí ó tó di 1870, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò wí pé òun ń lọ sinmi ní Jàmáíkà. Columbus dé ibẹ̀ ní 1494. Àwọn Taino tí ó bá nílẹ̀ kò pẹ́ tí wọ́n fi run lábẹ́ iṣẹ́ àṣekú àti àìsàn tí àwọn ará Spéìn gbé wá. Ní 1655 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà, wọ́n sì sọ ọ́ di oko ìrèké, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni a sì kó láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ síbẹ̀. Òyìnbó tí ó bá lọ, owó ni ó ń wá. Ibà pọ́njú sì ń pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Lójú wọn nígbà náà, ibi tí a ti ń là kíákíá tí a sì ń kú kíákíá ni.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe oòrùn, nítorí àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni. Ní 1870 ọ̀gákọ̀ kan láti Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Lorenzo Dow Baker, ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Jàmáíkà, ó gbé e dé Jersey City kí ó tó bàjẹ́, ó sì jèrè gidigidi. Láìpẹ́ ó sọ Port Antonio di ojúkò òwò náà. Ní 1885 ó wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Boston Fruit sílẹ̀, èyí tí ó di United Fruit Company ní 1899. Bí ọkọ̀ bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Boston, ó ń bọ̀ wá ní òfìfo tàbí kí ẹrù rẹ̀ má kún. Oníṣòwò kì í sì í fẹ́ràn òfìfo. Ará Amẹ́ríkà tí òtútù ń pa nínú oṣù Kìíní ni Baker rí pé òun lè fi kún ọkọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bá sì dé, níbo ni wọn yóò sùn? Ó kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì Titchfield sí orí òkè tí ó dojú kọ èbúté Port Antonio. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹwà erékùṣù náà ni ó pe àlejò, ẹ rántí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó bí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìjọba náà kò jókòó. Ní 1890 wọ́n ṣe òfin hòtẹ́ẹ̀lì, tí ìjọba fi ṣe onígbọ̀wọ́ fún owó tí àwọn oníṣòwò bá yá láti kọ́ ilé àlejò. Ní oṣù Kìíní 1891, ọmọba tí ó wá di George Karùn-ún ṣí àfihàn ńlá kan ní Kingston, kí ayé lè rí i pé Jàmáíkà ti di ibi tí a lè bẹ̀ wò. Iye tí ó wọlé wò ó kí ó tó parí ju 300,000 lọ, síbẹ̀ gbèsè ni ó kángun sí, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tuntun náà kò sì pẹ́ kí wọ́n tó di ẹrù sí ìjọba lọ́rùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn àfihàn náà ni ti àwọn tálákà kan tí wọ́n kọ̀ láti lọ. Wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ẹ̀tàn ni, pé owó orí ni ìjọba fẹ́ fi bù lé àwọn, tàbí pé ṣe ni wọ́n fẹ́ kó àwọn jọ kí wọ́n lè tún sọ àwọn di ẹrú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́; ẹni tí a fi ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ wá kò ṣàìjàre bí ó bá ń fura sí ibi tí òyìnbó bá ní kí ó wá wo nǹkan.

Ní Kingston, ẹni tí ó bá ní àyè kí ó sọdá sí Port Royal, ìlú àwọn ọlọ́ṣà orí omi, tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1692 tí apá ńlá rẹ̀ sì rì sínú òkun. Àwọn bí 2,000 ni ó kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìkó-ohun-ìjà kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ mímì mìíràn, ti 1907, fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì. Àwọn àlejò a máa wọ inú rẹ̀ láti ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Kò burú.

Ní Port Antonio, ohun tí gbogbo àlejò ń ṣe ni kí wọ́n gun ọparun tí a so pọ̀ bí ẹní, kí ọkùnrin kan dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, kí ó máa tọ̀ wọ́n lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí odò Rio Grande. Ó dùn, gbogbo ẹni tí ó ṣe é ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ gun ọparun náà? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn wà lókè odò ni wọ́n ń fi í kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí etí òkun fún ọkọ̀ Baker àti ti àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí òwò náà rọlẹ̀, Errol Flynn, òṣèré sinimá tí ó fi Port Antonio ṣe ilé, a máa kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gun ún ṣeré, báyìí ni ó ṣe di ohun tí à ń sanwó fún. Ọgbọ́n ọwọ́ kan náà ni, ọ̀pá kan náà ni. Ẹrù ni ó yí padà. Èmi kò rí àbùkù níbẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí, èyí nìkan ni mo rí tí iṣẹ́ di eré tí oníṣẹ́ náà sì ṣì di ọ̀pá rẹ̀ mú.

Láti ibẹ̀, tí a bá ń tọ etíkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé Ocho Rios, níbi tí omi Dunn's River ti ń já láti orí àpáta wá sínú òkun ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn. Àwọn àlejò a máa di ara wọn lọ́wọ́ mú gọọrọ gọọrọ láti gun ún láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Spéìn ní 1657.

Falmouth ni ó kàn, ibẹ̀ sì yẹ kí ẹsẹ̀ wa dúró díẹ̀. Ìlú èbúté tí ṣúgà kọ́ ni. Àwọn ilé olókùúta rẹ̀ ti ìgbà ẹrú ṣì dúró. Ní 2011 wọ́n ṣí èbúté tuntun síbẹ̀ fún àwọn ọkọ̀ onígbafẹ́ ràgàjì tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ń gbé ju 5,000 ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọjà tí wọ́n kọ́ sínú ọgbà èbúté náà ni yóò kọ́kọ́ kò. Ó lè ra ṣẹ́ẹ̀tì, kí ó ra ọtí, kí ó padà sínú ọkọ̀ láìtẹ ilẹ̀ ìlú náà rárá. Ìrìn díẹ̀ péré ni ó wà láàárín rẹ̀ àti ilé ìjọsìn Onítẹ̀bọmi tí William Knibb ti jẹ́ òjíṣẹ́. Ní òru 31 oṣù Keje 1838, àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú kún inú ilé ìjọsìn yẹn bámúbámú. Nígbà tí agogo òru lu méjìlá, tí òmìnira pípé bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ẹ̀wọ̀n, pàṣán àti ìdè ọrùn sínú pósí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin ín bí ẹni sin òkú. Mo ti ronú nípa òkú yẹn púpọ̀. Nínú gbogbo ìsìnkú tí mo ti kà nípa rẹ̀, n kò mọ èyí tí àwọn olókùú rẹ̀ yọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí á tó dé Montego Bay, a ó rí ilé ńlá funfun kan lórí òkè tí ó wo òkun, a ń pè é ní Rose Hall. John Palmer ni ó kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1770, láti inú owó ìrèké. Lọ́sàn-án a lè wo ilé náà. Lóru pẹ̀lú, wọn a máa fi àbẹ́là mú àlejò káàkiri inú rẹ̀ láti wá iwin. Ìtàn tí a óò gbọ́ níbẹ̀ ni ti Annie Palmer, obìnrin òyìnbó tí ó mọ oògùn, tí ó pa ọkọ mẹ́ta, tí ó ń fi àwọn ẹrúkùnrin ṣe àlè tí ó sì ń pa wọ́n, títí ẹrú kan fi pa òun náà. Inú àwọn àlejò a máa dùn, ara wọn a sì máa bù máṣọ.

Irọ́ ni. Annie Patterson kan wà lóòótọ́, ó fẹ́ John Rose Palmer ní 1820. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1827, gbèsè bo oko náà; obìnrin náà kúrò níbẹ̀, ó sì kú jẹ́ẹ́ ní 1846. Kò sí ẹni tí ó pa á, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ó pa ẹnikẹ́ni. Àhesọ ọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ bo orúkọ rẹ̀; nígbà tí ó di 1929, Herbert de Lisser gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde lórí rẹ̀, ìwé yẹn ni ó sì fìdí ìtàn náà múlẹ̀ lọ́kàn gbogbo ayé. Nígbà tí ọlọ́rọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, John Rollins, ra ilé náà tí ó ti di ahoro ní àwọn ọdún 1960 tí ó sì tún un kọ́, iwin náà ti wà nílẹ̀ fún títà.

Ẹ lè sọ pé kí ni ó burú nínú ìtàn iwin, ṣebí àwa náà ń pa àlọ́. Àlọ́ a máa jẹ́wọ́ pé àlọ́ ni òun. Ohun tí ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ìtàn irọ́ yìí gbé gbogbo ìkà oko ẹrú rù obìnrin kan ṣoṣo, ó sì sọ ọ́ di àjẹ́, bí ẹni pé bí kì í bá ṣe ti àjẹ́ yẹn, nǹkan ìbá rọrùn. Ìkà tí ó wà ní Rose Hall kò nílò oògùn. Láti 1817 ni òfin ti mú kí olówó ẹrú ní Jàmáíkà máa kọ orúkọ àwọn ẹrú rẹ̀ sínú ìwé fún ìjọba ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta: orúkọ, ọjọ́ orí, bóyá ní Áfíríkà ni a ti bí i tàbí ní erékùṣù náà, ẹni tí a bí àti ẹni tí ó kú. Àwọn ìwé wọ̀nyí wà títí di òní. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń mú àlejò yí ilé náà ká lóru, ìwé yẹn ni ǹ bá fi àbẹ́là kà fún wọn, kí n máa pe orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Montego Bay ti dé wàyí. Àwọn ará Spéìn ni ó fún un lórúkọ, láti ara ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ láti èbúté náà. Ibẹ̀ ni olú ìlú ìgbafẹ́ erékùṣù náà lónìí. Ìtàn bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ kúrú: oníṣègùn kan tí ń jẹ́ McCatty ní etí òkun kan tí a ń gba inú ihò àpáta dé, ní 1906 ó fi í fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń pè é ní Ihò Dókítà, Doctor's Cave. Ní àwọn ọdún 1920, Sir Herbert Barker, atúngunṣe olókìkí kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wẹ̀ níbẹ̀, ó sì kọ̀wé pé omi náà ń wo àrùn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́lá ti ń wọ́ lọ. Ìjì líle wó ihò náà ní 1932, orúkọ ni ó kù. Iyanrìn rẹ̀ dára, ẹnikẹ́ni tí ó bá sanwó lè wọlé nísinsìnyí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ wẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ sí àárín ìlú, sí gbàgede tí a fi orúkọ Sam Sharpe pè. Ní igun kan níbẹ̀ ni ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní Àgò wà, tí wọ́n kọ́ ní 1806. Ẹrú tí ó sá, atukọ̀ tí ó mutí yó, alárìnkiri tí kò nílé, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì wọ́n mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, agogo a lu láti kìlọ̀ fún àwọn ẹrú tí ó wá ná ọjà láti oko pé kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Èyí tí agogo bá bá ní ìgboro, ó di ti Àgò. Nítòsí rẹ̀ ni ère idẹ Sharpe wà, Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yí i ká.

Ta ni Sharpe? Ẹrú ni, díákónì sì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó mọ̀wé kà. Ó ń ka ìwé ìròyìn, ó sì ń rí i pé àwọn aṣòfin ní London ń jiyàn lórí òmìnira ẹrú, àwọn olóko Jàmáíkà sì ń bínú sí i. Ó ń lọ láti oko dé oko pẹ̀lú ète pé kí wọ́n ṣe àdúrà, èrò tí ó sì ń fi sí wọn lọ́kàn rọrùn láti gbọ́: lẹ́yìn Kérésìmesì 1831, kí ẹnikẹ́ni má ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ àyàfi bí a ó bá san owó iṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni a ń pe irú èyí lónìí. Ṣùgbọ́n nǹkan kò dúró bí ó ti fẹ́. Ní alẹ́ 27 oṣù Kejìlá, iná sọ ní oko Kensington lórí òkè tí ó wo Montego Bay, ní gbogbo òru náà iná oko ń dá iná oko lóhùn. Àwọn ẹrú tí ó dìde ju 20,000 lọ. Òyìnbó 14 ni ó kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun borí, wọ́n pa nǹkan bí 200 nínú ìjà, ilé ẹjọ́ sì dá ikú fún ju 300 lọ, àwọn kan nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù tí wọ́n pa jẹ.

Sharpe ni ó kẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1832, ní gbàgede yẹn gan-an, wọ́n yẹgi fún un. Ó ti sọ fún òjíṣẹ́ tí ó bẹ̀ ẹ́ wò nínú túbú pé igi náà yá òun lára ju kí òun wà láàyè bí ẹrú. Wọ́n sin ín sínú iyanrìn èbúté. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni àwọn ìjọ rẹ̀ lọ hú egungun rẹ̀, tí wọ́n sì sin ín sínú ilé ìjọsìn. Òfin tí ó fòpin sí ẹrú jáde ní London ní 1833, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kẹjọ 1834, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́rin mìíràn ni wọ́n fi mú wọn ṣiṣẹ́ ní ipò tí kò jìnnà sí ti ẹrú. Ní 1975 ìjọba Jàmáíkà fi Sharpe sí ipò Akọni Orílẹ̀-èdè, ojú rẹ̀ sì wà lórí owó wọn.

Ẹ kíyè sí i pé iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Nítorí ọ̀rọ̀ iyanrìn ni mo fẹ́ sọ wàyí, òun ni ó sì mú kí n kọ àròkọ yìí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá Jàmáíkà kò kọ òfin kankan sára ògiri pé aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọlé. Kò pọn dandan. Owó tí wọ́n ń gbà àti ojú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn tó. Ní 1948, akọ̀ròyìn kan, Evon Blake, ọmọ Jàmáíkà, aláwọ̀ dúdú, lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì Myrtle Bank ní Kingston, ó bọ́ aṣọ, ó sì bẹ́ sínú adágún ìwẹ̀ tí àwọn òyìnbó nìkan ń lò. Gbogbo wọn bọ́ sókè bí ẹni pé ejò wọ inú omi. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí ó jáde, ó kọ̀; ó ní kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Hòtẹ́ẹ̀lì náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ní Jàmáíkà a kò gbàgbé ìlúwẹ̀ẹ́ ọjọ́ kan yẹn.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀, ní 1956, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso, òfin etí òkun jáde. Ó fi etí omi àti ilẹ̀ abẹ́ òkun sí ọwọ́ Ọba, ó sọ pé àwọn tí ó bá fẹ́ fi í ṣòwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kò sì fún àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ gbogbogbòò láti wọ etí òkun wẹ̀. Òmìnira orílẹ̀-èdè dé ní 6 oṣù Kẹjọ 1962. Òfin náà kò bá òyìnbó lọ. Bí hòtẹ́ẹ̀lì ti ń pọ̀ sí i ni ọgbà ń pọ̀ sí i, tí apẹja ń bá géètì níbi tí bàbá rẹ̀ ń fa ọkọ̀ sí, tí àwọn ọmọdé tí a bí ní ibùsọ̀ kan sí òkun sì ń gbọ́ ìró omi láìrí i. Ní 2019, àwọn àlejò tí ó wọ erékùṣù náà ju mílíọ̀nù 4 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé kò pé mílíọ̀nù 3. Ní àwọn ọdún 2020 wọ̀nyí, àwọn ará ìlú kan ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Ohun tí wọ́n gbára lé ni òfin àtijọ́ kan tí ó wí pé ibi tí àwọn ènìyàn bá ti ń pẹja tàbí wẹ̀ fún ogún ọdún láìsí ìdènà, kò ṣeé gbà lọ́wọ́ wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé láàárín wa yóò wí: hòtẹ́ẹ̀lì ń gba òṣìṣẹ́, owó àlejò ni ó ń kọ́ ọ̀nà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn olóko ìrèké náà sọ bẹ́ẹ̀ nípa ṣúgà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí arìnrìn-àjò wa máa gbé lọ síbẹ̀ kéré: níbo ni ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá fún mi ní àárọ̀ yìí ti ń wẹ̀? Kí ó bi í. Kí ó sì ní kí ó mú òun lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, bí ó bá gbà.

Oúnjẹ àárọ̀ náà ńkọ́? Ọmọ Yorùbá tí ó bá jókòó sídìí rẹ̀ yóò yà lẹ́nu. Wọn yóò gbé ohun kan wá tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹyin díńdín, tí wọ́n sè pẹ̀lú ẹja oníyọ̀, àlùbọ́sà àti ata. Ackee ni wọ́n ń pè é, òun ni èso orílẹ̀-èdè wọn. Kí ó wò ó dáadáa: iṣin ni. Iṣin tí à ń ṣà jẹ lábẹ́ igi nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí ìyá mi àgbà máa ń fi igi gbá wa lọ́wọ́ bí a bá já a kí ó tó yanu fúnra rẹ̀, nítorí iṣin tí kò tíì yanu a máa pa ènìyàn. Àwọn ará Jàmáíkà mọ ìkìlọ̀ kan náà. Amẹ́ríkà bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi òfin dè é kí ó má wọ ìlú wọn láti 1973 títí di 2000. Ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e dé Jàmáíkà, ní 1778 gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tí a ní. Ẹja oníyọ̀ náà, láti òkun tútù apá àríwá Amẹ́ríkà ni ó ti wá, oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú tí àwọn olóko ń rà fún ẹrú. Àwọn méjèèjì pàdé nínú ìkòkò ẹrú. Lónìí, orí tábìlì hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wà.

Bí a bá kúrò ní etí òkun tí a gun òkè lọ sí gúúsù Montego Bay, a ó dé ìlú Accompong, ti àwọn Maroon, ìyẹn ìran àwọn tí ó sá kúrò lóko ẹrú tí wọ́n sì bá Gẹ̀ẹ́sì jà títí Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀bẹ̀ fún àdéhùn ní 1739. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kìíní lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún wọn. Ẹni tí ó bá lè bá a kí ó lọ; ìlù wà, ìwo màlúù wà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà. Kí ó sì mọ̀ pé àdéhùn náà ní gbólóhùn kan tí ó korò: pé àwọn Maroon yóò máa mú ẹrú tí ó bá sá padà fún olówó rẹ̀. Wọ́n ṣe é. Nígbà tí àwọn ènìyàn Sharpe dìde, àwọn Maroon wà lára àwọn tí ó dọdẹ wọn. N kò sọ èyí láti ba ọdún wọn jẹ́. Àwa tí ìtàn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ilé wa kún fún ẹni tí a mú àti ẹni tí ó mú un tà, ẹnu wa kò gba ìdájọ́.

Ibi tí ó kù ni Westmoreland, ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá. Ìjì Melissa ti 28 oṣù Kẹwàá 2025 gba agbègbè yìí wọlé, ó sì ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́, nítorí náà kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ bèèrè bí ọ̀nà ti rí. Ibẹ̀ ni ìletò kan wà tí ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn tí ìṣẹ́ ẹrú parí, láàárín 1841 sí 1867, wọ́n kó nǹkan bí 8,000 sí 10,000 ènìyàn láti Áfíríkà wá sí Jàmáíkà gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gba Àjàyí Crowther ní 1822. A gbé Crowther lọ sí Freetown, ó di bíṣọ́ọ̀bù. A gbé àwọn wọ̀nyí kọjá òkun lọ sóko ìrèké. Àwọn Yorùbá wà nínú wọn, wọ́n sì fi orúkọ ilé sọ ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọlé Ṣóyínká, tí í ṣe ọmọ Abẹ́òkúta, dé ibẹ̀, ó sì kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn ara rẹ̀ tí ó jáde ní 2006. N kò tíì rí orúkọ náà nínú ìwé pẹlẹbẹ àwọn onígbafẹ́ kankan.

Ní Hanover, tí ó bá Westmoreland pààlà, àwọn ìdílé kan tí ń pe ara wọn ní Nàgó tọ́jú ijó kan tí a ń pè ní Etu, tí wọ́n ń jó fún òkú àti fún ìgbéyàwó. Ìlù aláwọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń jó o, pẹ̀lú agolo kẹrosíìnì tí wọ́n ń lù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ń bọ́ sójú agbo jó ní tirẹ̀. Bí ijó rẹ̀ bá dára, ìyá àgbà tí ó jẹ́ olórí wọn yóò dìde, yóò ta ìborùn sí i lọ́rùn, yóò fi dá a ní ìbàdí sẹ́yìn díẹ̀, yóò sì gbé e nàró kí ó máa jó lọ.